Kí A Má Fi Kòtò Sílẹ̀ fún Àwọn Ọmọ Wa

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 29:4-7, Jòhánù 6:5-13

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ̀yin tí iṣẹ́ àti òwò gbé kúrò nílé dé Jọ́ọ̀sì, Kàdúná, Kánò, Mìnà àti gbogbo ìlú Òkè Ọya, ẹ fetí sí mi. Ọmọ yín ni mí, ẹ̀yin bàbá àti ìyá. Bí ọ̀rọ̀ mi bá le díẹ̀ lónìí, ẹ má ṣe bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi tí n kò lè gbé mì.

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú òjò ọdún yìí, bàbá àgbàlagbà kan wá kan géètì ìjọ wa ní Jọ́ọ̀sì níbí. Aládùúgbò wa ni. Lẹ́bàá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kí èmi tó dé ìlú yìí rárá. Mùsùlùmí ni, èdè Haúsá ló sì ń sọ. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn na ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí wa: àpò ọ̀rá kan tó kún fún ẹrẹ̀. Àwòrán ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wa wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ìkíni ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún.

Ẹ mọ irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀. Òun la fi ń pín ẹ̀bùn níbi ìnáwó. Inú gọ́tà ni bàbá yìí ti yọ ọ́. Òun, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike míńírà àti abọ́ fóòmù tí a fi jẹ ìrẹsì ló para pọ̀ dí gọ́tà náà lẹ́yìn ayẹyẹ wa. Nígbà tí òjò dé ní òru, omi kò rí ọ̀nà lọ, ó sì yà sí yàrá bàbá yìí. Ibùsùn rẹ̀ rin gbingbin. Àgbàdo tó tọ́jú sí igun yàrá bà jẹ́.

Ojú tì wá. A bẹ̀ ẹ́, a sì dá owó fún un kó fi ra ibùsùn mìíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa àgbà la kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì lọ sí ìdí gọ́tà náà. Àwọn ọmọ wa kéékèèké ni, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tó ń kọ́ wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá yìí ra kúlíkúlí, ó pín in fún wọn. Láti ìgbà náà ló ti máa ń dá wa lóhùn dáadáa nígbà tí a bá kí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ojú Jọ́ọ̀sì ti rí láàrin àwọn ẹlẹ́sìn méjèèjì láti ọdún 2001 yóò mọ̀ pé ìkíni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn wà níwájú ìjọ báyìí. Àwọn òbí kan ti bẹ̀bẹ̀ pé kí a dá iṣẹ́ wọn dúró. Méjì nínú wọn jẹ́ àgùnbánirọ̀ tí ìjọba rán wá láti ìlẹ̀ Èkìtì àti Ọ̀ṣun, ọdún wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Bí a kò bá ṣe ìpinnu kan kí wọ́n tó lọ, iṣẹ́ náà yóò kú lọ́wọ́ wa. Èrò tèmi ni pé bí a bá jẹ́ kó kú, a ti ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì dúró wò ó. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn ìpàdé R.A. àti G.A., wọ́n á kó àwọn ọmọ jọ sí abẹ́ igi máńgòrò. Ẹnikẹ́ni kò sanwó fún wọn. Wọn kì í fi ìbínú sọ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ da ilẹ̀ nù síbi kan. Iṣẹ́ ni wọ́n máa ń fún ọwọ́ ọmọ ṣe.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n tò àwọn ọmọ sí ìlà méjì, wọ́n ní àwọn ìlà náà ni gọ́tà. Àwọn ọmọ mìíràn fi aṣọ búlúù wé ara, àwọn ni omi. Omi ń sáré kọjá, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọmọ mẹ́ta tó so ọ̀rá mọ́ra sí àárín gọ́tà, wọ́n ní kí wọ́n dì mọ́ra wọn. Omi tún sáré dé, kò rí àyè, ó bá ya ìlà, ó sì wó lu ọmọbìnrin kékeré kan tó ń ṣe ilé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ló sọ fúnra rẹ̀ pé, “Bí ó ṣe rí nílé bàbá oníkẹ̀kẹ́ nìyẹn.” Kò sí ẹni tó tún ní láti ṣe àlàyé.

Wọ́n ń fọ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, wọ́n ń gé e, wọ́n ń fi hun ẹní àti báàgì. Wọ́n ń gé ike míńírà, wọ́n ń bu ilẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti àlùbọ́sà sí i. Ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ rẹ̀ sára ti rẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé fi kọrin ní ọjọ́ ìkórè, ike òfo àti òkúta wẹ́wẹ́ ni. Ike tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n ń tà á fún baban bola nígbà tó bá ti kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ kọjá. Wọ́n tún ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ọ̀rá tí ilé wọn ń dà nù fún ọjọ́ méje. Ọmọ kan dìde ka iye ti ilé wọn níwájú ìjọ, ìyá rẹ̀ sì fi gèlè bo ojú.

Irú ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2011, ní abúlé Sabon Yelwa nítòsí Kàdúná, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike òfo tí wọ́n rọ iyanrìn kún kọ́ ilé. Ní Ajégúnlẹ̀ ní Èkó, ilé ìwé kan ti gba ike òfo lọ́wọ́ àwọn òbí dípò apá kan nínú owó ilé ìwé ọmọ wọn. Ohun tí a kà sí pàǹtírí ti di ògiri fún àwọn kan, ó ti di ìwé kíkà fún àwọn mìíràn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tó ń ṣàròyé lóhùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìyá kan sọ fún mi pé, “N kò bí ọmọ mi kó wá di baban bola.” Mo gbọ́ ìyá mi yé. Ìyá tó ta gaàrí kó lè rán ọmọ lọ sí ilé ìwé kò fẹ́ rí i pé ọmọ náà ń ṣa ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Jòhánù orí kẹfà. Ọmọdékùnrin kan ló mú oúnjẹ wá. Olúwa wa bù kún un, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jẹ àjẹyó. Ẹni tó lè fi ìṣù márùn-ún bọ́ gbogbo èrò yẹn kò nílò àjẹkù. Síbẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣa á jọ, kí ohunkóhun má bàa ṣòfò. Agbọ̀n méjìlá ló kún. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó ṣa á: àwọn tó pín oúnjẹ náà ni, àwọn tí a wá ń pè ní àpọ́sítélì. Bí Pétérù bá lè tẹ̀ ba láti ṣa àjẹkù lórí koríko, ọmọ wa lè ṣe é. Bàbá díákónì náà lè ṣe é.

Ní sẹ́mínárì, ibi kan wà nínú Deutarónómì tí a máa ń rẹ́rìn-ín sí bí a bá kà á. Orí 23, ẹsẹ 12 sí 14 ni. Ọlọ́run pàṣẹ pé kí ọmọ ogun Ísírẹ́lì jáde sẹ́yìn ibùdó bí ó bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kó mú ohun tí yóò fi wa ilẹ̀ lọ́wọ́, kó sì bo ohun tó ti ara rẹ̀ jáde. Ìdí tí a fi fún un ni pé Olúwa ń rìn láàrin ibùdó wọn. N kò rẹ́rìn-ín sí i mọ́. Ọlọ́run tó ń rìn kiri ibùdó nígbà náà ń rìn lẹ́bàá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí. Ó rí gọ́tà wa.

Àròyé kejì ló le jù, nítorí pé gbogbo wa ló ń sọ ọ́ nínú ọkàn bí a kò tilẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́: “Ilẹ̀ yìí kì í ṣe tiwa.” Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé wa, tàbí Ọ̀fà, tàbí Ṣakí. Ibẹ̀ la kọ́ ilé sí, ibẹ̀ la ti ń gbá àgbàlá kí àlejò tó dé. Níhìn-ín, a háyà yàrá ni, a wá ṣòwò ni, àjò kì í sì í dùn kí onílé má relé. Kí ló kàn wá pẹ̀lú gọ́tà Jọ́ọ̀sì?

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wo àwọn kòtò tó yí wa ká. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn òyìnbó ti wá sí ilẹ̀ Plateau wá wa tíìnì. Reluwé tẹ̀lé wọn, àwọn bàbá wa sì tẹ̀lé reluwé wá ṣòwò. Wọ́n wa ilẹ̀ ní Bukuru, wọ́n wà á ní Rayfield àti Barkin Ladi. Nígbà tí owó rẹ̀ dínkù, wọ́n kó ẹ̀rọ wọn lọ. Kòtò ò bá wọn lọ. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, omi kún inú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń fa omi rẹ̀ bomi rin tòmátì àti kábéèjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n inú àwọn kòtò kan náà ni ọmọ ń kú sí bí wọ́n bá lọ lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó wà á kò sí níbẹ̀ láti sunkún pẹ̀lú ìyá ọmọ.

Ìyẹn ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn bá gbé ilẹ̀ kan fún ohun tí yóò rí gbà nínú rẹ̀ nìkan. Mo bẹ̀ yín, kí ni ìyàtọ̀ láàrin wa àti àwọn awakùsà bí a bá jèrè ní ọjà Terminus àti Katako, tí a fi èrè rẹ̀ kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí a sì fi ọ̀rá wa sílẹ̀ nínú odò Delimi?

Àwọn Júù tí a kó lọ sí Bábílónì náà rò pé àwọn yóò padà sílé láìpẹ́. Ọlọ́run rán Jeremáyà sí wọn pé kí wọ́n kọ́lé níbẹ̀, kí wọ́n gbin ọgbà kí wọ́n sì jẹ èso rẹ̀, kí wọ́n wá àlàáfíà ìlú náà, kí wọ́n sì gbàdúrà fún un, nítorí pé bí ara ìlú náà bá dá, ara wọn yóò dá. Bábílónì ni o, ìlú tó kó wọn lẹ́rú! Jọ́ọ̀sì kò kó wa lẹ́rú. Ó gbà wá lálejò, ó fún wa ní afẹ́fẹ́ tútù àti ọjà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, ibí la bí wọn sí. Bí ẹ bá bi wọ́n pé níbo ni ilé, wọn kì í sọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Omi kì í sì í bèèrè ìlú ẹni. Ní oṣù keje ọdún 2012, omi ìdídò Lamingo kún àkúnya nínú ìlú yìí, ẹ̀mí ènìyàn tó lé ní 30 ló lọ sí i. Ẹ má sì rò pé ti Òkè Ọya nìkan ni. Ẹ̀yin àgbà rántí omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Òjò ló rọ̀, ṣùgbọ́n pàǹtírí tó dí ojú odò wà lára ohun tó jẹ́ kí omi náà yalé pa ènìyàn. Ẹni tó kọ́ ìwà kan ní àjò yóò gbé e relé.

Àròyé kẹta wá láti ẹnu àwọn tó fẹ́ràn Ọlọ́run púpọ̀: “Ayé yìí yóò kọjá lọ. Ọkàn ni ká máa wá, ká fi ilẹ̀ sílẹ̀.” Èmi náà ti wàásù bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwa Onítẹ̀bọmi kò gbọdọ̀ gbàgbé William Carey. Bàtà ló ń rán ní Ìlú Ọba kó tó di ìránṣẹ́ Ọlọ́run ní Íńdíà ní ọdún 1793. Ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Bengali, ó wá ọkàn títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Carey yìí kan náà ló ní ọgbà ńlá tó kún fún igi àti òdòdó ní Serampore, òun ló sì dá ẹgbẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọ̀gbìn sílẹ̀ fún ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1820. Kò rí ìjà láàrin Bíbélì àti ọkọ́. Ilẹ̀ àjèjì ni Íńdíà fún un, ibẹ̀ ni a sì sin ín sí.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa náà, kí ẹ má bàa sọ pé mo gbè sẹ́yìn wọn. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ dára, ṣùgbọ́n ó lè di eré lásán. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje ẹni tí yóò kó ike jù, ìyá kan lọ ra páálí míńírà tuntun kí ọmọ rẹ̀ lè gba ipò kìíní. Ike pọ̀ sí i nínú ilé náà! Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ ọmọ láti dín ohun tí à ń rà kù kí ẹ tó kọ́ ọ láti fi òfo rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ kọ́ wọn pé ife tí a fọ̀ sàn ju ọ̀rá tí a hun. Ẹ kọ́ wọn pé kí a má dáná sun ọ̀rá ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé èéfín rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró aládùúgbò.

Ẹ̀bi tó pọ̀ jù kì í ṣe ti ọ̀dọ́, tiwa ni. Àwọn ìyá wa àgbà kò ní ọ̀rá. Ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Bí wọ́n bá da ewé sí ààtàn, ó ń di ilẹ̀dú, ẹ̀fọ́ ń hù lórí rẹ̀. Àṣà dída nǹkan nù la jogún, ṣùgbọ́n ohun tí à ń dà nù ti yí padà, kì í sì í jẹrà mọ́. Ẹ tún rántí wolé-wolé. Bí ó bá ń bọ̀, gbogbo ilé á gbá ilẹ̀, wọn á da omi tí tanwíji wà nínú rẹ̀ nù. Nígbà tí wolé-wolé kò wá mọ́, ìdọ̀tí padà. Ẹ̀rù ló gbá ilẹ̀ nígbà náà. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yìí ń gbìn sínú ọmọ wa yàtọ̀: ọmọ tó gbin àlùbọ́sà sínú ike, tó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, kò nílò wolé-wolé. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Èkínní, kí ìjọ má dá iṣẹ́ náà dúró, kí a yan ọ̀dọ́ méjì mìíràn láti gbà á lọ́wọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ wa kí wọ́n tó lọ. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní ọdún 1973, ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó jẹ́ ọmọ Plateau yìí, dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, kí ọmọ ilẹ̀ kan lè sin ilẹ̀ mìíràn. Ọmọ Èkìtì ti sin Jọ́ọ̀sì fún wa. Ó kù sọ́wọ́ ọmọ tí a bí sí Jọ́ọ̀sì.

Èkejì, ẹ̀yin ìyá W.M.U., abọ́ àti ife tí a lè fọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìjọ. Ẹ jẹ́ kí a máa lò wọ́n níbi ìnáwó. Ẹni tó bá ṣe ayẹyẹ nínú ọgbà ìjọ, kí òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ṣa ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀kẹta, bí ọmọ rẹ bá sọ fún ọ nínú mọ́tò pé kí o má ju ọ̀rá yẹn sí ojú títì, má ṣe nà án. Fún un mú dání. Ní ọjọ́ tí a bá pa ọmọ lẹ́nu mọ́ nítorí òtítọ́ tí a rán an lọ kọ́ nínú ilé Ọlọ́run, a ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ mìíràn, yóò sì pẹ́ kó tó gbàgbé rẹ̀.

Olúwa tó ni ilẹ̀ Plateau, tó ni ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, jọ̀wọ́ dárí ìwà àìbìkítà wa jì wá. Bùkún ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ọmọ wa. Jẹ́ kí ìlú tí o gbé wa sí rí àlàáfíà nítorí wa. Nígbà tí a bá padà sílé, jẹ́ kí àwọn aládùúgbò wa rí igi níbi tí a gbé, kí wọ́n má rí kòtò. Àmín.